Gìrì Májèlé: Bí Oògùn Apakòkòrò Ṣe Ń Dá Gìrì Sílẹ̀ Lára Aláìsàn

Gìrì májèlé ni gìrì tó mú ènìyàn lẹ́yìn tí oògùn apakòkòrò ti gba ẹnu, imú tàbí awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó sì ti dé ọpọlọ. Kì í ṣe àìsàn kan tó dá dúró. Ìṣòro tó ń ti ẹ̀yìn májèlé jáde ni. Ẹni tí gìrì kò mú rí láti kékeré lè ṣàdédé ṣubú, kí ojú rẹ̀ yí, kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa já pàtì, kí itọ́ máa hó lẹ́nu rẹ̀, kí ìtọ̀ sì yọ lára rẹ̀ láìmọ̀. Bí gìrì náà bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó ń lọ tó ń bọ̀ láìjẹ́ kí aláìsàn ta jí láàárín, àwọn oníṣègùn kà á sí gìrì àìdáwọ́dúró. Irú rẹ̀ lè pa ọpọlọ lára, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Èdè Yorùbá ní orúkọ fún àwọn àìsàn tó jọ ọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Wárápá ni àìsàn tó máa ń padà wá sára ẹnì kan náà láti ìgbà dé ìgbà. Gìrì, nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, jẹ́ ti ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná, pàápàá nígbà tí ibà bá mú un. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtọ́jú ìbílẹ̀ tirẹ̀ àti ìbẹ̀rù tirẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, tàbí ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀wà tán, bá ń já pàtì nílẹ̀, wárápá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ pè é, ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún wárápá ni wọn yóò sì ṣe fún un. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ìsọ̀rọ̀ lásán. Ohun tí wọ́n bá pè é ní wákàtí àkọ́kọ́ ló ń pinnu ohun tí wọn yóò ṣe sí i, títí kan irú abẹ́rẹ́ tí wọn yóò gún aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Ìdí nìyí tí àpilẹ̀kọ yìí fi lo "gìrì májèlé": orúkọ náà fi orísun àìsàn hàn.

Ẹ̀wà Dómà àti ẹ̀wà Bekwarra

Ní ọdún 2008, akẹ́kọ̀ọ́ 120 ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin ti ìjọba ní Dómà, Ìpínlẹ̀ Gombe, ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní kánkán lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀wà. Láàárín àkókò kan náà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bekwarra, Ìpínlẹ̀ Cross River, ènìyàn 112 dèrò ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà; ọmọdé 2 kú. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí oúnjẹ Dómà tó ṣẹ́kù fi hàn pé lindane tó pọ̀ kọjá ààlà wà nínú rẹ̀. Lọ́dún náà ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de oríṣi ọjà oògùn oko 30.

Ẹni tó bá ti ta ẹ̀wà rí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí oògùn oko ṣe dé inú ìkòkò. Kòkòrò kì í jẹ́ kí ẹ̀wà pẹ́ nínú àpò. Bí oníṣòwò bá fẹ́ tọ́jú ọjà rẹ̀ títí tí owó rẹ̀ yóò fi gbé pẹ́ẹ́lí, oògùn tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò dà sí i. Fífọ̀ àti sísè lè dín oògùn náà kù, ṣùgbọ́n bí ohun tí wọ́n dà sí i bá pọ̀, ìyókù rẹ̀ yóò bá oúnjẹ dé orí àwo. Ọ̀ràn yìí kò parí sí ọdún 2008. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí pé dichlorvos tó wà nínú rẹ̀ wà láàárín mílígíráàmù 0.03 sí 4.6 nínú kílò kan, nígbà tí òfin wọn kò fàyè gba ju 0.01 lọ.

Lindane kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Òun ni èròjà inú Gammalin 20 tí àwọn àgbẹ̀ kòkó Oǹdó, Ifẹ̀ àti Iléṣà fi ń pa kòkòrò tó ń fa omi ara èso àti ọ̀mùnú kòkó. Àwọn apẹja kan tilẹ̀ ń dà á sódò kí ẹja lè léfòó, ìwà tó ti sọ ọ̀pọ̀ odò di aláìlẹ́mìí. Ó wà lára ẹbí organochlorine, àwọn májèlé tó máa ń bá ọ̀rá lọ, tí wọ́n sì máa ń pẹ́ nínú ara. Ní ọdún 2009, Àdéhùn Stockholm fi í kún àwọn kẹ́míkà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì.

Bí ó ṣe ń dá gìrì sílẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ọpọlọ ní èròjà kan tó ń jẹ́ GABA, tó ń ṣe iṣẹ́ bíréèkì: nígbà tí àwọn iṣan ọpọlọ bá fẹ́ sáré àsápajúdé, GABA ni yóò fà wọ́n sẹ́yìn. Lindane a máa dí ojú ibi tí GABA ti ń ṣiṣẹ́. Bíréèkì já, ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Nítorí náà, ẹni tó jẹ lindane lè wà láìní àmì kan tó ṣe pàtàkì, kí gìrì sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò rí. Ojú rẹ̀ lè má ṣomi, ó sì lè má làágùn. Èyí ló mú kó rọrùn láti pè é ní wárápá.

Endosulfan, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà, ṣe irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní agbègbè Borgou, níbi tí wọ́n ti ń gbin òwú, àkọsílẹ̀ ìjọba fún sáà ọ̀gbìn ọdún 1999 sí 2000 fi hàn pé ó kéré tán ènìyàn 37 ni endosulfan pa. Oògùn òwú ni wọ́n fún àwọn àgbẹ̀; ara oúnjẹ tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ òwú, àti ara ìgò òfìfo tí wọ́n sọ di ohun èlò ilé, ni púpọ̀ nínú ìjàǹbá náà ti wá.

Ọ̀tapíápíá

Ní Àbújá, orúkọ májèlé ń yí padà láti ẹnu dé ẹnu. Ẹni tó ń sọ èdè Haúsá a máa pè é ní fíyà-fíyà. Ọ̀pọ̀ ará ìlú, ẹ̀yà yòówù kí wọ́n jẹ́, mọ̀ ọ́n sí ọ̀tapíápíá, ọ̀rọ̀ tó ti inú èdè Ígbò wá, tó sì túmọ̀ sí ohun tó ń jẹ nǹkan run láìṣẹ́kù. Sniper ni àwọn mìíràn ń pe gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọjà kan ṣoṣo ni ìyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí tó sọ ohun tó wà nínú ìgò. Dichlorvos ló sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n ti pò mọ́ kẹrosíìnì nígbà mìíràn, nínú ìgò tí wọ́n ti fi ta nǹkan mìíràn rí, láìsí àkọlé.

Ẹbí organophosphate ni dichlorvos wà. Ìtàn ẹbí náà kò dára: ní ọdún 1936, níbi tí Gerhard Schrader, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, ti ń wá oògùn apakòkòrò ló ti bá tabun pàdé, èyí tí àwọn ológun sọ di ohun ìjà. Sarin, tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1995, ìbátan rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa gìrì organophosphate fi ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ogun wá.

Acetylcholine ni òjíṣẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ láti iṣan ìmọ̀lára kan dé èkejì, àti láti iṣan náà dé ẹran ara. Bó bá ti jẹ́ iṣẹ́ tán, ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Organophosphate a máa dì mọ́ ẹ́ńsáìmù yìí títí kò fi ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn òjíṣẹ́ yóò wá kún ẹnu ọ̀nà, wọn yóò máa kan ilẹ̀kùn láìdáwọ́ dúró. Ara aláìsàn ni a ti ń rí àbájáde rẹ̀: itọ́ àti omijé ń ṣàn, òógùn bò ó, inú rẹ̀ ń ṣí, ó ń bì, ọmọlójú rẹ̀ sún kì bí ojú abẹ́rẹ́, omi kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tí mímí rẹ̀ fi ń dún, ẹran ara rẹ̀ sì ń sẹ́ fìrìfìrì lábẹ́ awọ.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí àmì tó kẹ́yìn yìí, nítorí sísẹ́ ẹran ara kì í ṣe gìrì. Ẹni tí ẹran ara rẹ̀ ń sẹ́ lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó sì dáhùn. Ẹni tí gìrì gbogbo ara mú kò gbọ́ nǹkan kan. Òdìkejì rẹ̀ wà pẹ̀lú, ó sì léwu jù ú lọ. Bí májèlé bá ti sọ ẹran ara di aláìlágbára, ara aláìsàn lè dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí gìrì ń jà lọ́wọ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i. Ẹ̀rọ tó ń ka iṣẹ́ ọpọlọ ló lè fi í hàn.

Àyẹ̀wò lára ẹranko fi hàn pé gìrì yìí máa ń yí ìwà padà bí àkókò ti ń lọ. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, acetylcholine tó kún ọpọlọ ló ń dá a, atropine sì lè ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, èròjà mìíràn tó ń jẹ́ glutamate á dara pọ̀. Bó bá ti kọjá nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, gìrì náà kò nílò acetylcholine láti máa jà mọ́, diazepam pàápàá kì í sì í lágbára lórí rẹ̀ bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti wakọ̀ láti abúlé kan ní Kwali tàbí Abaji dé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Gwagwalada tàbí àárín ìlú Àbújá yóò mọ bí ìṣẹ́jú 40 ṣe ń tètè lọ.

Lára ọmọdé, gìrì àti oorun àsùnwọra sábà máa ń hàn ju itọ́ àti òógùn lọ. Bí ọmọ ọdún 2 bá sì ń gìrì, ibà ni gbogbo ilé yóò máa rò.

Nínú ilé ìwòsàn

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí ti gìrì yòókù: wọn yóò dá aláìsàn dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn yóò fa itọ́ àti èébì kúrò lọ́nà ọ̀fun, wọn yóò fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, wọn yóò sì wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àìtó ọ́síjìn àti àìtó ṣúgà lè dá gìrì sílẹ̀ fúnra wọn, májèlé kan náà sì lè fa méjèèjì. Orí tó fi gbálẹ̀ nígbà tó ṣubú kò ṣeé gbàgbé. Wọn yóò bọ́ aṣọ rẹ̀, wọn yóò fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí májèlé tó wà lára aṣọ ń wọlé síwájú sí i.

Láti dá gìrì dúró, diazepam tàbí oògùn mìíràn nínú ẹbí rẹ̀ ni wọn yóò fi abẹ́rẹ́ gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Fún àgbàlagbà, mílígíráàmù 5 sí 10 ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì lè tún un ṣe. Bí kò bá gbọ́, phenobarbital ló kàn, tàbí kí wọ́n fi oògùn àsùnwọra àti ẹ̀rọ amúnimí gbé aláìsàn dúró. Ibí ni orúkọ ti ń gbẹ̀san. Phenytoin, tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ oníwárápá, kì í sábà ṣe iṣẹ́ kankan fún gìrì tí májèlé dá sílẹ̀. Ilé ìwòsàn tó bá kọ "wárápá" sórí ìwé aláìsàn lè fi àkókò tó ṣe iyebíye ṣòfò lórí oògùn tí kò bá a mu.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà àwọn ẹbí májèlé méjèèjì pínyà. Atropine ni ẹ̀rọ̀ organophosphate. Wọ́n lè fi mílígíráàmù 1 sí 3 bẹ̀rẹ̀ fún àgbàlagbà, kí wọ́n sì máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún títí ẹ̀dọ̀fóró yóò fi gbẹ. Pralidoxime náà wà, tó ń gbìyànjú láti tú ẹ́ńsáìmù sílẹ̀ bí ó bá tètè dé. Lindane àti endosulfan kò ní ẹ̀rọ̀ kankan. Ṣíṣọ́ aláìsàn, dídá gìrì dúró àti sùúrù ni gbogbo ìtọ́jú wọn. Fún ẹni tó ń gìrì nítorí lindane, atropine kò wúlò. Bó bá sì pọ̀ jù, òun náà lè mú kí ara gbóná kí ọkàn sì dàrú.

Bí kò bá sí ìgò tàbí oúnjẹ tó ṣẹ́kù, dókítà yóò máa fi àmì méfò ni, àmì sì lè tan àwọn àgbà nínú iṣẹ́ jẹ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ó kéré tán ènìyàn 18 kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn orí fífọ́, ojú tó ń ṣú àti dídákú. Àwọn kan nílùú sọ pé òrìṣà ló bínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn apako. Nígbà tí àbájáde àyẹ̀wò jáde, methanol inú ògógóró ni wọ́n bá, ìtọ́jú èyí sì yàtọ̀ pátápátá.

Ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó dé ibẹ̀

Epo pupa ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń sáré mú bí wọ́n bá gbọ́ májèlé. Èrò náà ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀ nínú ìmọ̀ ìbílẹ̀, níbi tí epo ti jẹ́ ẹ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lindane àti endosulfan ń bá ọ̀rá rìn. Epo tàbí wàrà tí wọ́n bá rọ sí ẹni tó jẹ wọ́n lẹ́nu lè mú kí májèlé náà yára wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí gìrì bá sì ti ń mú un lọ́wọ́, ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà yóò gbà lọ, kò ní gba ọ̀nà ikùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkì ṣíbí tàbí ìka bọ ẹnu ẹni tó ń gìrì: eyín ló ń ká, ìka ló ń gé.

Àgbo ìtọ̀ màlúù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń po ìtọ̀ màlúù pọ̀ mọ́ ewé tábà, ááyù, efinrin, àlùbọ́sà àti àwọn nǹkan mìíràn fún ọmọ tí gìrì mú. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti yẹ̀ ẹ́ wò láti ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dá mímí dúró. Nikotíìnì inú tábà a máa lu ojú ilẹ̀kùn kan náà tí acetylcholine ń lù, nítorí náà ọmọ tí organophosphate ti mú tún gba irú májèlé kan náà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gbà á là. Nikotíìnì fúnra rẹ̀ lè dá gìrì sílẹ̀.

Ìbẹ̀rù itọ́ oníwárápá gba àlàyé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀ ń ran ni, wọ́n sì máa ń sá fún un. Wárápá kì í ran ni. Ní ti gìrì májèlé, èébì àti aṣọ lè ní oògùn nínú, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ṣèrànwọ́ fi ọ̀rá bo ọwọ́, kó sì wẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ènìyàn sá fún yóò dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn, èébì rẹ̀ yóò sì fún un lọ́rùn kí májèlé tó parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìgò kékeré àti òfin

Orílé-iṣẹ́ NAFDAC wà ní Wuse, Àbújá, ibẹ̀ sì ni àwọn àṣẹ tó kan ọ̀ràn yìí ti ń jáde. Ní ọdún 2019, àjọ náà fòfin de dichlorvos inú ìgò mílílítà 100 àti èyí tó kéré sí i, ó sì pàṣẹ pé kí ìgò ńlá wà ní ilé ìtajà oògùn oko nìkan. Yàtọ̀ sí ìjàǹbá inú ilé, àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá tún ń lo májèlé yìí láti pa ara wọn lára, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó bá wà ní àrọ́wọ́tó ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú fún wákàtí kan máa ń gbé. Paraquat bọ́ sábẹ́ òfin ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Chlorpyrifos, tí òun náà jẹ́ organophosphate, tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà.

Ìrírí Sri Lanka kọ́ni pé òfin kan ṣoṣo kì í tó. Ní ọdún 1995, wọ́n fòfin de àwọn organophosphate tó le jù. Àwọn àgbẹ̀ yí sí endosulfan, àwọn ilé ìwòsàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí gìrì àìdáwọ́dúró ń pa. Wọ́n fòfin de endosulfan náà ní ọdún 1998. Nígbà tó fi máa di ọdún 2005, iye àwọn tó ń pa ara wọn ní orílẹ̀-èdè náà ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì.

Òfin mìíràn wà tó ń ṣiṣẹ́ lòdì sí ìtọ́jú. Ìwé òfin Penal Code, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, sọ ní abala 231 pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n títí dé ọdún kan, tàbí kó san owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Nítorí òfin yìí àti nítorí ìtìjú, ẹbí lè sin ìgò sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé wárápá ìdílé ni. Dókítà tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ yóò na ọwọ́ sí phenytoin. Ìgò tí wọ́n sin yẹn ni ìbá sọ fún un bóyá atropine ni kó mú. Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014, ní abala 20, kò béèrè bí májèlé ṣe dénú: ó ka kíkọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni sí ẹ̀ṣẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì.